Bàbá Wa Kò Sọ Pé Ẹṣin Kan Ni Kí Ẹnì Kan Ní

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọkọ mi kú láì gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kí n tún irọ́ náà pa níwájú gbogbo ẹbí, ẹnu mi ò sì gbà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Orúkọ tí mo fún àwọn yòókù níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí, Ọ̀tan Ayégbajú ni mo lọ́kọ sí, aránṣọ ni mí. Wọ́n fi mí jẹ Ìyá Àdínì ní mọ́sáláṣí wa. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè pé kí n wá sọ òótọ́. Ẹ ò rí ayé mi bí!

Bàbá wa ló ń sin ẹṣin ládùúgbò wa. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan joyè, tí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, tí Lèmọ́mù bá fẹ́ lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, ilé wa ni wọ́n ń wá. Mẹ́ta ni ẹṣin tí Bàbá ní nígbà tí wọ́n fi máa kú. Ọlọ́lá ni akọ, pupa ni. Ìyàwó ni abo, funfun báláú ni. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí Ìyàwó bí, Àbíkẹ́yìn la pè é.

Aya méjì ni Bàbá fẹ́. Ìyá tèmi bí èmi àti Gàníyù. Ìyá kejì bí Súlè nìkan, òun ló kéré jù nínú wa.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹṣin. Èmi ni mo ń pọn omi tí àwọn ẹṣin Bàbá ń mu, èmi ni mo ń gé koríko wọn kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kan, mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo gun orí òkúta kan lẹ́yìn ilé, mo sì fò gun ẹ̀yìn ẹṣin. Bàbá rí mi. Wọ́n fà mí sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní obìnrin kì í gun ẹṣin nílé àwọn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé Súlè, ọmọ ọdún mẹ́rin, sórí ẹṣin kan náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní Balógun. Mo wà nídìí àmù, garawa wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò wọ́n. Ó dùn mí wọra. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, apá kan ara wọn ti rọ. Èmi ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní Ọ̀tan, tí mo lọ tọ́jú wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lẹ́kọ mu. Gàníyù ń wa ọkọ̀ l'Óṣogbo. Súlè wà lọ́dọ̀ àwọn ẹṣin, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń yọjú. Mo sì ń retí pé lọ́jọ́ kan, Bàbá á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ṣeun."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo fún wọn. Wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò níbẹ̀:

"Ẹ má pín àwọn ẹṣin mi. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Súlè. Ẹṣin ò lè dá gbé. Tí ẹ bá yà wọ́n, wọ́n á kú. Bá mi sọ fún Súlè."

Ó parí. Wọn ò dárúkọ mi. Kí wọ́n tó kírun Ọ̀sán, Bàbá ti dákẹ́.

Nílé tiwa, ẹni tó bá fún olóògbé lómi kẹ́yìn ni gbogbo ẹbí máa ń gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó bá ní olóògbé sọ, òun náà ló sọ. Ẹnikẹ́ni kì í já a níyàn, àgbà ibẹ̀ pàápàá ò jẹ́ dán an wò. Nígbà tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán, tí wọ́n ti pín oko, tí wọ́n ti pín yàrá, àbúrò Bàbá wa kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo fún wọn lómi. Kí ni wọ́n wí nípa àwọn ẹṣin?"

Súlè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìjánu wà léjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Àmọ́ nígbà tí mo rí ìjánu yẹn, nǹkan kan gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàbá ní kí ẹnì kan má ṣe ní ju ẹṣin kan lọ nílé yìí."

Wọ́n ní, "Ó tán. Bàbá ti sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe pín wọn nìyẹn. Gàníyù mú Àbíkẹ́yìn, ó lọ so ó mọ́lẹ̀ nílé àna rẹ̀ ní Ìgbájọ. Wọ́n ní kí èmi mú Ìyàwó. Ọlọ́lá ló kù fún Súlè. Èmi tí wọ́n ní obìnrin kì í gun ẹṣin, mo wá di ẹlẹ́ṣin! Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni mo so ó mọ́, nídìí máńgòrò. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń yán. Ojú ọ̀nà Ìlá ló ń kọ sí ṣáá. Kò jẹun dáadáa. Àwọn oníbàárà mi ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí ló ń ṣe ẹṣin yín?" Mo ń sọ fún wọn pé ilé tuntun ni, pé ó máa mọ́ ọn lára.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Súlè á gun ọ̀kadà láti Ìlá, á gbé èérí ọkà bàbà wá fún un. Ó máa ń fi orí ti ọrùn ẹṣin náà, á máa bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá Ọlọ́lá. Tiyín ló ṣì jẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n jọ wà."

Mo ní rárá. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí Bàbá bínú sí mi lọ́run ni?

Ó dìde. Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún yín ni? Nítorí àwọn náà ló kọ́ mi pé ẹṣin ò lè dá gbé."

Astagafurulai! Mo tún gbé irọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́. Mo ní, "Wọ́n ní ẹṣin ti ń kó sí ọ lórí. Wọ́n ní ìgbéraga rẹ ti pọ̀ jù."

Ó gbọn ẹrọ̀fọ̀ ara aṣọ rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ìyàwó kú kí Iléyá tó dé. Àbíkẹ́yìn náà ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìgbájọ, wọ́n ní ó ṣáà ń gbẹ ni. Súlè ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin Ìyàwó sí. Kò bú mi.

Àgbò kan ló lọ mú wá, ó fi í sínú ilé ẹṣin kí Ọlọ́lá lè rí ẹni bá gbé. Àwọn èèyàn fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. "Súlè, nínú ìwọ àti àgbò, ta ni Ọlọ́lá máa gbé lọ sí Yídì?" Á rẹ́rìn-ín. Àgbò yẹn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà, ọdún méjì ni wọ́n fi mú àgbò mìíràn pa lọ́jọ́ Iléyá nítorí rẹ̀.

Ìjòyè kan tún wà ní Òkè-Ìlá tí Súlè fi ẹṣin gbé lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn, ó fi abo ẹṣin kan ta á lọ́rẹ. Súlè dá a padà. Ó wá sílé mi lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dá a padà o. Mi ò fẹ́ kí Bàbá rò pé ìgbéraga ọjọ́sí ò tíì kúrò lára mi." Mo bu omi fún un mu. Mo wo bó ṣe ń mu omi, mi ò sọ.

Ohun tó ń pa mí gan-an mà nìyí. Súlè ní ọmọbìnrin kan, Sàfúrá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo lọ kí wọn ní Ìlá, mo bá a lórí Ọlọ́lá. Ẹnu yà mí. Súlè ní, "Ìyá mi sọ fún mi pé wọ́n gbá yín létí lọ́jọ́sí nítorí ẹṣin. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi." Ló bá na ọwọ́ sí mi. "Ẹ̀yin náà, ẹ wá gùn ún."

Mo ní, "Súlè, fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́, mo ti lé láàádọ́ta ọdún."

Ó ní ẹṣin náà ti darúgbó, pé ẹgbẹ́ mi ni. Ó gbé àpótí sílẹ̀ fún mi, ó gbé mi gùn ún, ó di ìjánu mú, ó rọra fà mí yí agbo ilé wa po. Sàfúrá ń pàtẹ́wọ́. Mo ń sunkún lórí ẹṣin, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọmọdé, ẹni tí mo ṣe níbi ló fún mi. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e mì.

Lẹ́yìn tí Ọlọ́lá kú, Súlè ra abo ẹṣin kan, Àdùkẹ́ ló pè é. Ẹyọ kan ṣoṣo náà ni. Ààwẹ̀ ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún yìí nígbà tí àìsàn dá Súlè dùbúlẹ̀. Mo lọ wò ó. Ó ti rù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo bi yín ní ìdí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́sí. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá, màá bi wọ́n fúnra mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gbẹ̀yìn tí mo rí i láàyè nìyẹn.

Kò mọ̀ pé Àdùkẹ́ ti lóyún. Oṣù tó kọjá ló bímọ. Ẹṣin Sàfúrá wá di méjì. Gàníyù ló ti di olórí ẹbí wa báyìí, ó sì ní ọ̀rọ̀ Bàbá ò gbọdọ̀ yẹ̀, pé Súlè alára pa á mọ́ títí tó fi kú. Ó ní kí Sàfúrá mú ọ̀kan kúrò nílé. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fẹ́ kí n wá fi ẹnu ara mi tún un sọ, nítorí èmi ni mo fún Bàbá lómi. Gàníyù ò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ló pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣé kí n pe Sàfúrá nìkan kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí àwọn ọmọ mi gbọ́ pé èké ni ìyá wọn? Ta ni yóò tún pè mí ní Ìyá Àdínì? Ta ni mo fẹ́ bẹ̀, nígbà tí Súlè ti wà nínú ilẹ̀?

Láná, Sàfúrá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀. Mo ti rò pé ó fẹ́ bi mí bóyá Bàbá ka ọmọ ẹṣin tó ṣì ń mu ọmú mọ́ ọn. Kò bi mí. Ó ní, "Màmá, ohunkóhun tí ẹ bá sọ lọ́jọ́ Àìkú, màá ṣe é. Láti kékeré, kí ẹ tó gun Ọlọ́lá rárá, ni bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n má bi yín ní ìdí rẹ̀ láé, pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wúwo lórí yín."

Súlè mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àbúrò mi mọ̀, ó mọ̀ kó tó gbé mi sórí ẹṣin.