Ọlọ́run Tó Gba Ìyá Ìyàwó Mi Lọ́wọ́ Bẹ́líìtì Tó Ń Dá Rìn

Ẹ bá mi fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ará! Halelúyà! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ò dáhùn dáadáa. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ bẹ́líìtì ọkọ̀ kò ní máa ṣe àmín lábẹ́nú báyìí. Halelúyà! Ẹ ṣé.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Tóyìn tó ń ta pákó lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, níhìn-ín ní Ìsàn wa. Ẹ sì mọ ìyá ìyàwó mi, Màmá Ẹ̀dá-Oníyọ̀, tí wọ́n máa ń kó iṣu wá fún wa nígbà ìkórè. Ojú ọ̀tún wọn ti lọ tipẹ́. Ojú òsì tó kù, awọ funfun ti ń bò ó, débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní Ìdó ní àwọn lè yọ awọ náà kúrò. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀, torí ojú tó kù yẹn ò ní dúró dè wá. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń ba Màmá. Ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kí wọ́n tó ní àwọn gbà.

Àsìkò yẹn gan-an ni àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Èkó ra ọkọ̀ mìíràn, ó sì fi èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, pé kí n máa fi gbé Màmá lọ gba ìtọ́jú. Inú mi dùn! Ọkọ̀ àtijọ́ ni, Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí mo mọ̀. Bẹ́líìtì iwájú rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè ilẹ̀kùn ló so mọ́, ó ní irin tó ń tọ̀ bíi rélùwéè. Tí o bá ti jókòó, tí o yí kọ́kọ́rọ́, yóò gbéra láti iwájú, gìrìrìrì, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ kọjá, yóò lọ dúró lẹ́yìn èjìká rẹ, ó ti dè ọ́ láyà nìyẹn. Tí o bá ṣí ilẹ̀kùn, yóò tún sáré padà síwájú. Òyìnbó! Ọ̀lẹ ló bí èyí ni àbí ọgbọ́n, mi ò tíì mọ̀.

Mo wakọ̀ lọ sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ kí Màmá lè wá sùn lọ́dọ̀ wa kí ọjọ́ dókítà tó pé. Wọ́n ti wọ léèsì, wọ́n we gèlè tó dúró gbọn-in. Àdúgbò jáde wá wò wọ́n. Mo fi wọ́n jókòó níwájú bí ọba, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò rántí sọ fún wọn, ará. Mi ò rántí!

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò ríran dáadáa, ó kàn rí i pé nǹkan dúdú gígùn kan ń yọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń kùn, ọrùn òun ló sì dojú kọ. "Ejò!" Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ọwọ́ tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ ebè iṣu ni o! Bẹ́líìtì ń fà, Màmá ń fà. Bẹ́líìtì já gèlè gbà, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Màmá bá ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n sá jáde, àṣé ìyẹn gan-an ni ejò náà ń retí. Ó ṣẹ́rí padà tòun ti gèlè, ó tún ń bọ̀ wá bá wọn. Màmá fò bọ́ sílẹ̀ bí ọmọge. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, àwọn ará àdúgbò ti dé pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, wọ́n ń bi mí pé ibo ló wọlé sí.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwé gèlè. "Ẹ mú mi wọ ulé," ni wọ́n ń wí. "Ojú tó fọ́ mà sàn ju ọrùn tí ejò fún pa lọ. Mi ò wọ mọ́tò kankan mọ́ láyé mi." Mo ní kí a wá tákísí, wọ́n ní ta ló mọ ohun tó wà nínú ìyẹn náà. Mo ṣàlàyé títí, mo bẹ̀bẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí àwọn lọ sí Ìdó, kí n lọ pa ejò ọ̀hún, kí n sì gbé òkú rẹ̀ wá kí àwọn fọwọ́ kàn án.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà, ẹ má bínú sí mi, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ yí ọkọ̀ náà po, ẹ kọrin, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ nà án. Aṣáájú yín, Màmá Ajíhìnrere, mú òróró, wọ́n sì dà á sójú irin tí bẹ́líìtì ń tọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé gbogbo ẹ̀mí ìfúnlọ́rùn, jáde! Pásítọ̀ wa fúnra wọn wọlé jókòó, kí a lè rí i pé ó ti parí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ará, òróró ṣiṣẹ́! Bẹ́líìtì tó ti ń kérora rìn tẹ́lẹ̀ nítorí pé irin rẹ̀ ti dípẹtà, bó ṣe rí òróró, ó sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́! Ó gbá Pásítọ̀ létí, ó já jígí ojú wọn gbà, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n jáde, wọ́n ń fọwọ́ pa etí, wọ́n ní, "Bàbá Tóyìn, Ọlọ́run ti gbọ́. Ó kù kí ẹ wá mẹkáníìkì."

Inú ń bí mi délé. Mo mú ọ̀bẹ, mo ní màá gé bẹ́líìtì náà dànù lọ́tùn-ún lósì, kí kálukú kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, tí ẹ bá gé e, tí ẹ wá tẹ búrẹ́kì, ta ló máa di Màmá mú? Mo mọ bí ẹ ṣe ń wakọ̀." Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọlọ́run ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tó fi kún un nípa wíwakọ̀ mi, òun ló fi tiẹ̀ kún un.

Bí mo ṣe gbé ọkọ̀ náà dé Ìkọ̀lé nìyẹn, lọ́dọ̀ Ráṣídì tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ ni. Mo ti mú bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí a fi ń de pákó òrùlé dání, pé kí ó kàn fi de bẹ́líìtì lásán mọ́ ara ọkọ̀. Ráṣídì wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé adìẹ la fẹ́ kàn ni?" Ó ní páànù ara ọkọ̀ ò lè di ènìyàn mú, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, yóò ya bí ìwé. Àfi kí a wá irú ọkọ̀ yìí kan náà, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú bẹ́líìtì àfọwọ́fà, kí a tú tiẹ̀ lódindi, tòun ti ilé tó ń ká sí, tòun ti ẹnu tó ń há sí, tòun ti bóòtù rẹ̀. Ó tún ní a ò gbọdọ̀ mú ti ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá, torí bẹ́líìtì tó ti gba ènìyàn là lẹ́ẹ̀kan ti ná agbára rẹ̀ tán. Ráṣídì kì í ṣe oníwàásù o, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín.

A wá a ní Ìkọ̀lé títí, a ò rí i. Ọjọ́ dókítà ti fẹ́ kàn wá lára, ìyàwó mi ò sùn, mò ń fi gbogbo ẹnu gbàdúrà. Ìgbà tí ọkàn mi ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì la rí ọ̀kan ní Òsì, lẹ́yìn ilé ẹnì kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kú, kò kọ lu nǹkan kan rí, adìẹ ló sì ń yé sórí àga rẹ̀. Bẹ́líìtì ká jọ sínú ilé rẹ̀, kò gbó, kò ya. Ilé adìẹ tí Ráṣídì fi bú mi, inú ẹ̀ náà la ti rí ìgbàlà!

Ráṣídì yọ orí bátìrì, ó tú mọ́tò kékeré tó ń fa bẹ́líìtì àtijọ́ kiri, ó tú irin rẹ̀. Ó ṣí ike tó bo òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Ará, ihò wà níbẹ̀! Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti lu ihò náà sílẹ̀ sínú irin tó nípọn, bóòtù sì wọ̀ ọ́ bí ọmọ tó mọ ilé bàbá rẹ̀. Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀ kí wàhálà tó dé! Ó ṣe ọ̀tún, ó ṣe òsì. Ó ní kí n já a lójijì, ó há gan-in. A gbé ọkọ̀ lọ sójú pápá, mo sáré, mo tẹ búrẹ́kì, àyà mi ò kúrò lójú kan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí dókítà dá ni mo gbé òkú ejò, bẹ́líìtì àtijọ́ tí Ráṣídì tú, dé Ẹ̀dá-Oníyọ̀ nínú àpò, èmi àti ìyàwó mi. Màmá fọwọ́ wá orí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá ìrù. Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọ́n mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń tilẹ̀, wọ́n nà án dáadáa, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ rò pé o gbọ́n?" Wọ́n wá gbà láti wọ ọkọ̀. Wọn ò wé gèlè, fìlà ni wọ́n dé. Mo fi ọwọ́ ara mi fa bẹ́líìtì kọjá àyà wọn bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ, mo há a. Ó dún kọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan kan ò rìn.

"Ó kú lóòótọ́," ni Màmá wí.

A fẹ́ wọ Ìdó nígbà tí ewúrẹ́ kan tòun tọmọ bọ́ sójú títì. Mo tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀. Màmá lọ síwájú díẹ̀, bẹ́líìtì gbá wọn mú, ó dá wọn padà sórí àga. Ewúrẹ́ kọjá láìkí wa. Màmá fọwọ́ pa bẹ́líìtì náà, wọ́n ní, "Eléyìí mọ uṣẹ́ rẹ̀." Mo rí ojú ìyàwó mi lẹ́yìn nínú jígí. Wíwakọ̀ mi ló tún ń rò.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Màmá wo ògiri, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo ọmọ wọn pẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Haà! Bàbá Tóyìn, o mà ti hewú!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ejò ló fà á.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo nawọ́ láti há bẹ́líìtì fún wọn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Fi í lẹ̀. Mo rí i." Wọ́n fà á fúnra wọn, wọ́n wo ibi tó ń há sí, wọ́n tì í bọ̀ ọ́. Kọ́. Ìyàwó mi bú sẹ́kún lẹ́yìn. Èmi náà ò lè yí kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, torí ojú tèmi tó mọ́, omi ti bò ó.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó fi ọ̀nà han Ráṣídì, tó sì jẹ́ kí ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú! Màmá wà níbí lónìí, níwájú pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn nígbà ìwàásù, tí ẹ máa ń pè é ní àdúrà, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ dìde, ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ dìde, kí ìjọ rí yín. Rárá o, mo ṣì í sọ. Ẹ dìde, Màmá, kí ẹ rí ìjọ.