Wáyà Tí Mo Fà Yọ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Lé Ṣadé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Mi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, òun náà ò mọ̀ títí di àárọ̀ yìí. Mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ní Sọ́ńdè, ọmọ náà, Ṣadé, wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n bá òun bẹ ọ̀gá òun. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn.

Ọ̀gá yẹn ló háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa ní Festac. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Ẹ̀njiníà ló ń pe ara ẹ̀. Ẹ̀njiníà kẹ̀! Ẹni tí kò lè pààrọ̀ gílóòbù. Mo ní kó fún mi ní íńtánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ kí n fi máa rí ọmọ mi tó wà lókè òkun. Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, nǹkan yìí ò lè yé yín. Ẹ lọ sinmi."

Ó dùn mí. Ọmọ mi ti fi àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan sílẹ̀ fún mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi sì ni gbogbo wáyà ṣọ́ọ̀bù ti pàdé, lára nǹkan oníhò kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Láìsọ fún un, mo ki wáyà àpótí mi bọ ihò tó ṣófo, kí íńtánẹ́ẹ̀tì tiwọn lè wọ inú ẹ̀. Nígbà míì ó ń ṣe, nígbà míì kì í ṣe. Mo sáà rí ojú ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan. Ẹ̀rọ ńlá kan ló yẹ kó gbé ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìfọwọ́ kàn wọ́n. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà tiẹ̀, bíi nọ́ńbà ilé. Kò sí èyí tó ṣe.

Ṣadé, abiyamọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ní: "Ọ̀gá, nọ́ńbà tí wọ́n ń gbà yìí kì í ṣe tiwa. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń pín in. Ẹ jẹ́ ká tọ wáyà yìí dé ìdí."

"Wáyà wo? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ìwọ lo fọwọ́ kan sẹ́tìn kọ̀ǹpútà mi! Gbé báàgì ẹ, kó o máa lọ!"

Mo jókòó síta, mo gbọ́ ọ. Bí Ṣadé ṣe ní "ẹ̀rọ mìíràn", mo mọ̀ pé àpótí mi ni. Ṣadé jáde. Mo wọlé, mo fa wáyà mi yọ. Ọkùnrin náà tún àwọn kọ̀ǹpútà tàn, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dẹ̀ yẹn pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i, Màmá? Obìnrin yẹn ló ń dí wa lọ́wọ́!"

Mo ní: "Mo rí i." Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Mi ò jẹ́wọ́, torí mi ò lè fara da kí irú ọkùnrin yẹn máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún gbogbo oníkọ̀ǹpútà títí dé Apple Junction pé Ṣadé ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ò gbà á síṣẹ́ mọ́. Píọ̀wọ́tà ló ń kiri tà ní Mile 2.

Mo lè bẹ Ṣadé lónìí, àgbà tí mo jẹ́. Àmọ́ ọmọ ọmọ mi ní ìyẹn ò tó, pé ẹnu tó ba orúkọ ẹ̀ jẹ́ ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Èmi, kí n lọ jẹ́wọ́ fún aláìmọ̀kan tó ní kò lè yé mi? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí Ṣadé fi lè rí iṣẹ́ ẹ̀ gbà, tí mi ò fi ní kanlẹ̀kùn ẹni yẹn? Bí kò bá sí, ẹ tètè sọ fún mi. Mo ti wọ bàtà.