Ẹ Jẹ́ Kí Mítà Náà Parọ́ Díẹ̀

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Ìpakodò ni mo jókòó sí, tí mò ń dúró kí wọ́n lẹ táyà mi, nígbà tí obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ dé, tó sì fi mítà tó ń sọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi dè é mọ́ ọn, bàbá. Àmọ́ ẹ sọ fún mítà náà pé táyà yìí tóbi ju bó ṣe wà lọ."

"Eré tó máa kà á pọ̀ ju èyí tí ọkọ rẹ ń sá nìyẹn."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kẹ́rù lè bà á. Ó máa ń bá àwọn tírélà tó ń kó ìrẹsì bọ̀ láti Ìmọ́tà du ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ṣòkòtò rẹ̀ ya láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní òun kọsẹ̀ ni."

"Ọmọ mi, ọjọ́ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní gba mítà yìí gbọ́ mọ́."

Obìnrin náà di kẹ̀kẹ́ náà mú bíi pé ẹnìkan fẹ́ gùn ún lọ.

"Ẹ jẹ́ kó parọ́ díẹ̀, bàbá. Òótọ́ lèmi ti ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí, kò gbọ́."

Bàbá so òòfà kékeré tí mítà fi ń ka bí táyà ṣe ń yí mọ́ sípóòkù iwájú. Wọ́n yí táyà, wọ́n ń wo nọ́ńbà ojú mítà bó ṣe ń gòkè.

"Irọ́ náà, báwo lo ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó?"

Obìnrin náà fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀.

"Kó ṣáà ti lè gbé e délé."