Níbo Ni Ìwé Ilé Náà Ń Sùn?

Nínú takisí tí a wọ̀ láti Banifandou lọ sí àárín ìlú Niamey, ìyá aláṣọ kan àti ọkùnrin télọ̀ kan ń sọ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà.

"Alhaja, mo ti rí ilé rà ní àdúgbò Bobiel. Owó rẹ̀ ni mo ń lọ san yìí."

"Mo bá ọ yọ̀. Níbo ni ìwé ilé náà ń sùn?"

"Ẹ̀dà rẹ̀ rèé."

"Ẹ̀dà kọ́ ni mo bèèrè. Ojúlówó ńkọ́?"

"Ẹni tó ń tà á ní òun tọ́jú ẹ̀. Alhaja, mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun. Ó búra níwájú lèmọ́mù."

"Ṣé báǹkì náà bá yín tò lẹ́yìn lèmọ́mù ni? Bó bá ti fi ìwé yẹn yáwó ní báǹkì, ìwọ lo ra gbèsè ẹ̀. Báyìí la ṣe ra tiwa ní Boukoki. Báǹkì ló wá gbà á."

Télọ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ń wò ó.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ilé. Kó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba kóo tó tú àpò. Bó bá mọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ."

Télọ̀ ní kí awakọ̀ dúró. Ó há báàgì owó mọ́ abíyá, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Alhaja, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni mo ń lọ. Bó bá mọ́, ẹ mú ẹní yín dání o!"