Ìwé Bàbá Ọkọ Mi Tí Mo Fọ̀

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mi bá dé etí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àṣírí máa tú, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Ọmọ Manigri ni mí, Basila ni mo ti lọ́kọ. Ogun ló lé àwọn ará ilé ọkọ mi kúrò ní ìlú wọn lápá Ọ̀yọ́. Títí dòní, àjèjì ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n níbí. Nígbà tí bàbá ọkọ mi darúgbó, ó ní kí àlùfáà kọ orúkọ àwọn bàbá rẹ̀, agbo ilé wọn àti ibi tí wọ́n sin wọ́n sí sínú ìwé. Wọ́n dì í sínú awọ, wọ́n gbé e kọ́ àjà. Bàbá kú.

Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Èmi ìyàwó, ta ni yóò sọ fún mi?

Lásìkò òjò kan, ara Sàlámì, àkọ́bí mi, gbóná, kò mu ọmú mọ́. Ẹ sáà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àlùfáà á kọ àdúrà sí wàláà, pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, aláìsàn á mu omi náà. Ṣùgbọ́n àlùfáà tó kọ ìwé Bàbá ti bá àwọn olóbì lọ sí ìlú Aléjò, ọkọ mi wà lóko iṣu. Ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ mi.

Mo wo àjà. Lójú tèmi, ohun gbogbo tí àlùfáà bá kọ, àdúrà ni. Mo tú awọ náà, mo fọ ìwé náà sínú igbá títí omi fi dúdú, mo fún ọmọ mi mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Mo sá ìwé náà gbẹ, mo dì í padà. Ẹ̀yin abiyamọ, èwo nínú yín ni ì bá jókòó máa wò ó?

Ọkọ mi dé, inú rẹ̀ dùn. Mo fẹ́ sọ fún un. Kí n tó lanu, ó nawọ́ sí àjà.

"Ìyá Sàlámì, ọmọ yìí ló máa jogún ìwé yẹn. Orúkọ àwọn bàbá wa ló wà níbẹ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ wọ́n tán."

Mo sọ lọ́kàn mi pé bí àlùfáà bá dé, màá bẹ̀ ẹ́ kó tún un kọ. Aléjò ló kú sí.

Sàlámì ti hu irùngbọ̀n báyìí, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ kéwú. Lọ́sẹ̀ yìí, ìbátan wọn kan dé láti ìlú wọn. Ó ní ogun ti parí, ẹni tó bá lè dárúkọ àwọn bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa gbà padà sí agbo ilé. Ọkọ mi sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n máa tú awọ náà níwájú àwọn àgbà. Sàlámì ni wọ́n ní kó kà á. Ó ti fọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n jẹ́wọ́ lónìí, àbí kí n sá padà sí Manigri? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó ń wá orúkọ àwọn bàbá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló mu wọ́n?