Ohun Tí Ọkọ Mi Fẹnu Ara Rẹ̀ Kọ́ Wa Ló Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti pọ̀ jù fún èmi nìkan. Iṣẹ́ rédíò ló ń bọ́ wa nínú ilé yìí, síbẹ̀ rédíò ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá tan tèmi ní kíṣìnnì báyìí, ọkọ mi á rọra dìde, á wọ sálúbàtà rẹ̀, á lọ jókòó síwájú ilé títí màá fi pa á. Kò bú mi rí, kò sì gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Ká ní ó tiẹ̀ ń pariwo ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Kí ni obìnrin ń ṣe fún ọkọ tí kò bá a jà, nígbà tó jẹ́ pé òwò tí òun àti àbúrò òun ń ṣe ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ọ̀hún?

Ọjà Àlàbá ni mo ti ń ta gbohùngbohùn àti lásípíkà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ọkọ mi, Bàbá Tìmí, jẹ́ ọ̀pẹrétọ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ o! Òun ni ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń to orin, ìpolówó ọjà àti ìkéde tẹ̀ léra wọn. Iba là ń gbé, àbúrò mi Kúnlé sì wà lọ́dọ̀ wa torí pé yunifásítì ò jìnnà síbẹ̀, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Kò sí ọjọ́ tí ọkọ mi máa tibi iṣẹ́ dé tí kò ní ráhùn pé kọ̀ǹpútà tún ti dákú, pé ìpolówó ọṣẹ tún ti já wọ àárín ìwàásù pásítọ̀. Bí Kúnlé ṣe gbójú sókè nídìí ẹ̀bà lọ́jọ́ kan nìyẹn, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe tiwa.” A rẹ́rìn-ín títí. Àṣé ọmọ náà ò ṣeré!

Mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Àlàbá, Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan sínú rẹ̀ tí á máa to orin àti ìkéde tẹ̀ léra fúnra rẹ̀, pálọ̀ wa sì di iléeṣẹ́ rédíò. Tó bá ti di Sátidé, ọkọ mi á jókòó bí ọ̀gá, á nawọ́ sí mi: “Ìyá Tìmí, ó yá, ìpolówó!” Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, Kúnlé á máa tẹ kọ̀ǹpútà kíkankíkan, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo níta. Ìyá aláṣọ funfun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ dá sílẹ̀? Ọjọ́ wo lẹ̀ ń ṣe ìsìn?” Ẹ̀rín pa wá dójú ikú. Mi ò rò pé a tún ti láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà náà.

Ohun kan wà tí ọkọ mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré, ìyẹn ìkéde òkú. Ó ní, “Kúnlé, tí wọ́n bá ti kéde òkú tán, kó má bọ́ sórí orin ijó o. Kó má gbé ìpolówó bíà wá. Kó dákẹ́ díẹ̀ ná, kó wá rọra fi orin ẹ̀mí sí i. Àwọn ọmọ olóògbé ń gbọ́ o.” Kúnlé ní kọ̀ǹpútà ò mọ òkú yàtọ̀ sí ọjọ́ ìbí. Ọkọ mi ní, “Kọ́ ọ, á mọ̀ ọ́n.” Kúnlé tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ó tún un ṣe, ó tún tú u palẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá ṣe é bó ṣe yẹ, tí kọ̀ǹpútà dákẹ́, tí orin wá wọlé pẹ̀lẹ́, mo ní kó tún un fi sí i. Ọkọ mi kàn ń mi orí pé ó dáa.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ bá máníjà rẹ̀. Máníjà ní ká fi ìkéde òkú sí i kí òun rí i. Kọ̀ǹpútà kéde, ó dákẹ́, orin ẹ̀mí wọlé. Máníjà wojú wa, ó ní, “Ta ló tẹ nǹkan?” A ní kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ó pàtẹ́wọ́! Ó ra ètò náà lójú ẹsẹ̀, àwa náà jó wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò mìíràn náà ń pè wá, Kúnlé sì gba ọ́fíìsì sí Okokomaiko. Kò pẹ́ ni máníjà pe àwọn ọ̀pẹrétọ̀ jọ pé ẹnì kan ṣoṣo ti tó láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi àti àgbà ọ̀pẹrétọ̀ kan, Bàbá Ṣọlá, ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa lọ. Máníjà tún wá sọ fún un pé, “Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ́ ọ dáadáa.” Ife tíì tó ń lò níbi iṣẹ́ ló gbé sínú ọ̀rá dúdú wálé lọ́jọ́ náà.

Kúnlé wá dọ̀bálẹ̀ fún un pé kó wá ṣe ọ̀gá àwọn ní ọ́fíìsì. Ohun tí ọkọ mi sọ rèé: “Kí n wá máa lọ láti iléeṣẹ́ kan dé ìkejì, kí n máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ sílé?” Kúnlé sunkún. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ẹnu mi bó. Ṣé ká wá ti òwò náà pa ni? Òun la fi ń rán Tìmí nílé ìwé, òun náà ni Kúnlé fi ń bọ́ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, tó sì ti lóyún. Ọkọ mi wá lọ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ta fáànù ní Okokomaiko, lódìkejì ọ́fíìsì wa gan-an, kì í sì í sọdá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń dín dòdò, mo sì gbàgbé, mo tan rédíò. Ó ti dìde, ó ti ń wá sálúbàtà, ni wọ́n bá kéde ikú Bàbá Ṣọlá. Ó dúró sójú kan. Ìkéde parí. Rédíò dákẹ́. Mo rí ìka rẹ̀ lára fírémù ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, orin sì wọlé kí ìka náà tó balẹ̀. Ó ní, “Ó yá jù. Ìyá Tìmí, ó yá jù. Sọ fún Kúnlé kó jẹ́ kó pẹ́ sí i.” Ó jáde. Láti ọjọ́ tí Kúnlé ti dọ̀bálẹ̀ fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà nìyẹn.

Mi ò tíì sọ fún Kúnlé. Tí mo bá sọ ọ́, ó máa tún un ṣe lónìí, iṣẹ́ náà á tún dára sí i, ọkọ obìnrin mìíràn níbòmíràn á sì gbé ife tíì tirẹ̀ wálé. Tí mi ò bá sọ ọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọkọ mi rán mi ni mo kọ̀ tí mi ò jẹ́. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe? Ẹ dá mi lóhùn kíá, torí bó ṣe ń wọ bàtà láàárọ̀ yìí, ó tún bi mí pé, “Ṣé o ti sọ fún un?”