Rọ́bà Ìtọ̀ Tí Mo Fún Pa

Dókítà ti sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó máa gbé mi lọ sílé, mo sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó bo ẹnu mi: ohun tó ṣe ọkùnrin tí a ń pè ní Apá-Irin kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọwọ́ mi ni.

Àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ mi ni láti wọn bí agbára wọn ṣe ń pẹ́ tó. A ó de kẹ̀kẹ́ mọ́ orí ẹ̀rọ nínú yàrá, a ó fi ìbòjú bo imú wọn ká lè wọn èémí wọn, èmi á máa mú kó le sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta títí ọwọ́ wọn á fi kọ̀. Télọ̀ ni Apá-Irin kí mọ́tò tó kọlù ú. Lábẹ́ ọrùn gan-an ni eegun rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo ti fọ́nnu káàkiri pé ètò ìdárayá tí mo gbé kalẹ̀ ń fi kún agbára wọn. Irọ́ ni. Oṣù mẹ́fà gbáko, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn ò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ìtọ̀ bá há mọ́ irú wọn nínú, ẹ̀jẹ̀ á ru, agbára òjijì á dé. Lọ́jọ́ náà mo fún un ní omi kọ́ọ̀pù mẹ́ta. Mo ṣe bí ẹni ń tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe, mo sì fi klíìpù fún rọ́bà tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde sínú àpò pa. Kò lè mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ó yí i kọjá ibi tó máa ń dé. Ló bá ní, "Ọ̀gá, orí ń fọ́ mi." Ojú rẹ̀ ti pọ́n, òógùn ń dà níwájú orí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi fi ìṣẹ́jú méjì kún un." Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú. "Nítorí yín, ẹ gba mẹ́rin." Kí mẹ́rin tó pé, apá ọ̀tún rẹ̀ já wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo tú klíìpù náà. Mo sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Apá nìkan ló kù tó ń bá a ṣiṣẹ́. Mo gba ọ̀kan, mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ wá kí mi: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé e dé ilé ìwòsàn." Mo ní kò tó ọpẹ́. Nọ́ńbà yẹn sọ mí di ọ̀gá àgbà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dùbúlẹ̀ kó tó kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó náà. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Látọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ti ń gbàdúrà fún yín." Ó rọra ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lónìí, bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ dá a dúró. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ì bá dárí jì mí, èmi ni mo gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.